Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Màmá Kò Rí

Berea, Johannesburg
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Fasilat gidigidi. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ń fi fóònù wọn ya lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n sì ń bá mi tẹ tèmi jáde lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà, n kò mọ bí èmi àti ẹ̀yin ì bá ṣe máa sọ̀rọ̀, níwọ̀n ìgbà tí etí yín kò gba tẹlifóònù mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe pa ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn tì nítorí tèmi, Ọlọ́run kò ní pa tiwọn tì.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ní Marshalltown ni ọ́fíìsì wa ṣì wà, àkáǹtì àwọn oníléeṣẹ́ ni mo ṣì ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òtútù ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀ níbí. Ìjọ wa ti kúrò ní gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, a ti rí òmíràn tó sún mọ́ ilé mi, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ báyìí.

Màmá, ọ̀rọ̀ tó gbé mi dórí ìwé kò ju ọ̀kan lọ. Ọláìtán ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, ẹnjiníà ni, ó ní ibi iṣẹ́ ní Jeppestown níbi tó ti ń tún àwọn bátìrì ńlá àti ẹ̀rọ tó ń gba iná pamọ́ ṣe. Inú ìjọ wa ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ pé òun ń bọ̀, á dé. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ wá sí Iléṣà fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kí ọdún yìí tó parí. Mo ní kí wọ́n mú sùúrù. Bàbá ti lọ, ẹ̀yin nìkan ni mo ní, ẹnikẹ́ni kò sì ní mú ọjọ́ títí ẹ óò fi fi ojú yín rí i, kí ẹ sì ní ó tẹ́ yín lọ́rùn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bí Àǹtí Fasilat bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, a óò pè yín lórí fídíò kó lè kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé dígí yín.

Ọmọ yín tó ń tọrọ àdúrà,
Bọ́láwùmí


Iléṣà
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025

Bọ́láwùmí Àníkẹ́, ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń dá ọ sí nílẹ̀ onílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi rán ọmọ ìjọ yín náà ti dé. O ṣeun. Ọmọ tó ń rántí ìyá, ọmọ tirẹ̀ á rántí rẹ̀.

O mọ̀ mí, n kì í fi ọ̀rọ̀ sínú kí n máa rẹ́rìn-ín síta. Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ dígí mi, mo wé gèlè tí n kò tíì wé láti ìgbà ìsìnkú bàbá rẹ, mo jókòó síwájú fóònù Fasilat bí ìyá ìyàwó. Ọkùnrin náà yọ. Ó ga, ó dúdú, ó rẹwà lójú. Ó wò mí, ó tẹ orí ba, ó sì pòórá. Ohun tí mo ń wò lẹ́yìn ìyẹn ni ògiri àti ìkòkò kan lórí sítóòfù. Ìkòkò náà ni mo kí, ọmọ mi. Nígbà tí yóò fi yọ padà, ó ti nàró, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni àwòrán kú pátápátá. Mo bi Fasilat pé níbo ni ó lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé hàn mí, bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀, pé bóyá nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ mú.

Mo jókòó, mo rò ó, ọ̀rọ̀ mìíràn sì sọ sí mi lọ́kàn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ, láti ìgbà tí o ti kó dé ilé tí o ń gbé yìí, òró ni o máa ń dúró kí mi lórí fídíò. N kò sọ̀rọ̀. Mo ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí lẹ́tà rẹ, ohun tí ó máa ń wà lókè ni pé o kúnlẹ̀ kí mi. Ìwé rẹ ń kúnlẹ̀, orúnkún rẹ nàró. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Jòhánẹ́sbọ̀ọ̀gù nìyẹn? Ṣé ìwọ lo kọ́ ọkùnrin yìí, àbí òun ló kọ́ ọ?

Èmi tí mo fi ọdún gbọọrọ ṣe ọ̀gá ilé ìwé, tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìkíni, n kò lè gba ọkọ ọmọ tí yóò yọrí sí mi bí ẹni ń wo aago. N kò sọ pé rárá. N kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tíì wá láti Ìkẹ́rẹ́.

Jẹun dáadáa. Òtútù ìlú yẹn, má fi ṣeré.

Ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún


Berea
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2025

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lè bí yín nínú báyìí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mo kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ọláìtán dọ̀bálẹ̀. Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà rẹ̀ kanlẹ̀ nínú ilé ìdáná mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ilé ìdáná náà kò gùn tó o. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá sílíńdà gáàsì, ó ṣì wú di òní. Ojú fèrèsé ni fóònù wà, fèrèsé náà sì ga ju ẹni tó wà nílẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìkòkò ni ẹ rí.

Ẹ óò ní kí ló dé tí n kò gbé fóònù kúrò lójú fèrèsé. Dátà orí fóònù ni mo ń lò nínú ilé yìí. Ilé àtijọ́ ni, ògiri rẹ̀ nípọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì ń wọlé dáadáa níbì kan àfi ojú fèrèsé ilé ìdáná. Bí mo bá gbé fóònù dé pálọ̀, ojú yín á dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ẹ óò lọ. Níbẹ̀ ni mo ti ń dúró kí yín látọjọ́ yìí. Bí mo bá kúnlẹ̀, irun mi nìkan ni ẹ óò máa bá sọ̀rọ̀.

Ó dùn mí, Màmá, n kò ní parọ́. Ẹ̀yin lẹ lé mi jáde lọ́jọ́ tí mo kí Bàbá láìkúnlẹ̀, mo wà níta títí ọbẹ̀ fi dì. Ọmọ tí ẹ tọ́ báyẹn, ẹ wá rò pé ó ti gbàgbé. Ọláìtán kò tiẹ̀ bínú. Ohun tó ní kí n sọ fún yín ni pé ẹ kú sùúrù, àti pé òun á tún dọ̀bálẹ̀ iye ìgbà tó bá gbà.

Ẹ fèsì kíákíá, ẹ jọ̀wọ́.

Bọ́láwùmí


Berea
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń retí lẹ́tà yín títí, ojú mi ti fẹ́ yọ. Mo pe Àǹtí Fasilat, nọ́ńbà wọn kò wọlé. Mo pe ìyá ìjọ yín ní Iléṣà, wọ́n ní wọ́n rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ara yín yá. Mo dúpẹ́ pé ara yín yá. Ṣùgbọ́n bí ara yín bá yá tí ẹ kò sì kọ̀wé, a jẹ́ pé inú ṣì ń bí yín sí mi.

N kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Mo ti pinnu pé n óò gba íńtánẹ́ẹ̀tì inú ilé, èyí tí yóò dé pálọ̀, kí ẹ lè rí Ọláìtán láti orí dé ẹsẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wà níwájú mi, mo sì ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín, nítorí ọ̀rọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi omi ṣàlàyé rẹ̀. Èkíní ni àpótí kékeré kan tó ní sím nínú, bí fóònù náà ló ṣe ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti orí òpó, ó kàn lágbára jù ú lọ ni. Ó dà bí kànga àdúgbò. Bí ẹ bá nìkan débẹ̀, ẹ óò pọn àpọntẹ́rùn, bí èrò bá pọ̀, ẹ óò dúró. Èkejì ni wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní fíbà, láti títì ni wọ́n ti ń fà á wọ inú yàrá ẹni, bí omi ẹ̀rọ tó ní páìpù tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwo pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé, ojú ọ̀run ló ti ń gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì. Ìyẹn dà bí ẹni ń gbe omi òjò.

Lọ́lá, nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìjọ wa, ti yá mi ní àpótí tirẹ̀ kí n fi dán an wò. Ní ọ̀sán ó ń sáré. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ará Berea bá ti ibi iṣẹ́ dé tí kálukú ń wo bọ́ọ̀lù, á di ìgbín. Ìrọ̀lẹ́ sì ni Àǹtí Fasilat máa ń ráyè. Àwo orí òrùlé ni Ọláìtán fẹ́ràn, ó ní kò sí ohun tó ń dí ojú ọ̀run lọ́wọ́. Fíbà ni ọkàn tèmi lọ sí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé alájà tí a jọ ń gbé kò gbà kí ẹnikẹ́ni fa wáyà wọlé mọ́.

Màmá, èwo ni kí n ṣe? Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń bèèrè. Mo sọ fún Ọláìtán pé bí ẹ kò bá fi ẹnu yín sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní fẹ́ ẹ, bó ti wù kí n fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ó ní òun mọ̀. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Bọ́láwùmí


Iléṣà
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Àníkẹ́ mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde o, ìwọ àti gbogbo ìjọ yín. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé sí mi lọ́wọ́ pa pọ̀. Ọmọ Fasilat bímọ sí Òṣogbo, ó lọ bá a wẹ ọmọ, fóònù rẹ̀ sì bọ́ sómi níbẹ̀, ìgbà tó padà dé ni wọ́n tó bá a tún un ṣe. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ nínú ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Bó bá tiẹ̀ wà nílé, n kì bá tí kọ̀wé. Inú ló ń bí mi.

Nígbà tí mo kà á pé fèrèsé ni, mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Mo ní fèrèsé wo ni kì í jẹ́ kí ènìyàn kúnlẹ̀? Olùkọ́ sì ni mí, n kì í dájọ́ láìdán an wò. Mo ní kí Fasilat gbé fóònù sójú fèrèsé pálọ̀ wa, kí ó ṣe bí ẹni fẹ́ ya fídíò ara rẹ̀, kí ó sì kúnlẹ̀. Góńgó gèlè rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ní kí ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó kọ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Èyí tí mo rí ti tó. Mo gbà pé ohun tí o sọ ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé ṣe yàtọ̀ sí ohun tí mo rí. Gbọ́ mi, Bọ́láwùmí, má fi ṣe ìgbéraga àgbà. Etí mi ti lọ. Bí ènìyàn bá ń bú mi lójú mi tó ń rẹ́rìn-ín, n kò lè mọ̀. Bí ọkọ rẹ bá ní ohùn tó dùn, kò wúlò fún mi. Bí o bá ní onísùúrù ni, mo gbà, ṣùgbọ́n ìwọ lo gbọ́ ọ, èmi kò gbọ́. Ojú nìkan ló kù tí mo fi ń mọ ènìyàn. Nígbà tí bàbá rẹ wá kí ìyá mi nígbà àkọ́kọ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ̀wù funfun ló sì wọ̀. Ìyá mi dúró, ó ń wò bóyá yóò wá ibi tó gbẹ. Kò wá ibi tó gbẹ. Látọjọ́ náà, bí mo bá rojọ́ bàbá rẹ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ohun tó máa ń wí ni pé òun ti rí ẹ̀wù rẹ̀. Irú nǹkan tí mo ń wá nìyẹn. Ẹ̀tọ́ mi ni láti rí i.

Ní ti íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ. O bi mí, n óò sì dáhùn. Kànga àdúgbò, o mọ bí a ṣe ń jà níbẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, má lọ síbẹ̀. Omi òjò dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ní òrùlé ló ń gbe é. Ìwọ tí o ń gbé ilé onílé, orí òrùlé ta ni o fẹ́ gbé àwo sí? Bí wọ́n bá lé ọ jáde lọ́la ńkọ́? Fa omi ẹ̀rọ wọ ilé rẹ. Bí ìgbìmọ̀ kò bá gbà, lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bẹ̀ kì í pa ẹlẹ́bẹ̀. A kì í fi ojú fèrèsé gba àlejò, kí a má tíì sọ ti àna.

Sọ fún un pé kó fi omi gbígbóná ra ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún


Berea
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Màmá mi dáadáa,

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ka lẹ́tà yín nínú taxi, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní áńkáṣíìfù. Mo ka ti ẹ̀wù Bàbá fún Ọláìtán. Ó ní òun ti mọ ohun tí ẹ ń wò báyìí. Ó sì ti fi omi gbígbóná ra ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Fíbà ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe wọlé.

Obìnrin àgbà kan ni alága ìgbìmọ̀ ilé wa, Gógó Nomsa ni gbogbo wa ń pè é, torí gógó ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí. Òun ló kọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní fa wáyà mọ́, nítorí àwọn kan wá nígbà kan, wọ́n lu ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì bá tiwọn lọ láìdí i. Mo ti kọ̀wé sí i, kò dáhùn. Mo wá rántí pé ẹ ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀. Èmi àti Ọláìtán bá lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan.

Màmá, bí Gógó ṣe ṣílẹ̀kùn, tó yọ pẹ̀lú ewú orí àti ọ̀pá, Ọláìtán kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Kò gbèrò rẹ̀, ara ló mọ̀ ọ́n ṣe. Gógó rò pé ó dákú ni. Ó pariwo pe àwọn ará ilé, ẹnì kan gbé omi wá, ẹlòmíràn ti ń wá nọ́ńbà ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ọláìtán ń sọ láti ilẹ̀ pé ara òun yá, wọn kò gbọ́. Èmi ni mo wá ṣàlàyé fún wọn, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé bí àwa Yorùbá ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Gógó dì mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ó wò ó títí. Ó ṣe háà lọ́nà tiwọn, ó ní, “Eish. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọmọdé kì í dúró lé àgbà lórí, ìjókòó ló ń tètè wá. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí mi nínú ilé yìí.” Ó ní kí Ọláìtán dìde, ó fún wa ní tíì.

Ó fọwọ́ sí i. Àdéhùn kan ṣoṣo ló ṣe, pé kí Ọláìtán dí gbogbo ihò tí àwọn àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ó po sìmẹ́ńtì, ó dí wọn, ó sì tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kùn. Gógó ń sọ “shap, shap” lẹ́yìn rẹ̀ bó ti ń ṣe é, ìyẹn ni pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn onífíbà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wáyà funfun kan báyìí ló gba ara ògiri wọlé, kò nípọn ju okùn bàtà lọ, àpótí kékeré kan sì wà lórí tábìlì pálọ̀ tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọláìtán ti gbé bátìrì kékeré wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó má baà kú bí iná bá lọ. Mo gbé fóònù ní ìbú sórí àpótí ìtìsẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, mo sì lọ dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀. Láti orí dé ẹsẹ̀ ni mo hàn. Inú mi dùn débi pé n kò tètè dìde.

Ó di Sátidé, Màmá. Ẹ wé gèlè yẹn.

Ọmọ yín,
Bọ́láwùmí


Berea
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Màmá mi,

N kò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa lánàá. Ojú yín mọ́ kedere, mo rí ìlà gèlè yín, mo rí Àǹtí Fasilat lẹ́yìn yín. Ọláìtán wá síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má dìde títí ẹ óò fi ní kó dìde. Mo sì gbójú wo fóònù, ojú yín dúró gbagidi, ẹnu yín là díẹ̀. Mo rò pé ẹ ń rò ó ni. Mo dúró. Ọláìtán dúró nílẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé àwòrán ló há. Ó sì gé lẹ́yìn náà. A pè padà títí, kò wọlé.

Fíbà tiwa kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ yín ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Gbogbo ìyà tí mo jẹ lórí wáyà, ìdajì ọ̀nà ló wà fún, n kò ronú kan ìdajì kejì. Mo ń fa omi ẹ̀rọ wọ ilé tèmi, n kò bèèrè ohun tí ẹ̀yin fi ń pọn omi. Màmá, ẹ dárí jì mí. N óò bá yín ra àpótí onísím kí ó wà nínú ilé yín, kí ẹ má baà máa lo dátà Àǹtí Fasilat mọ́.

N kò mọ ohun tí ẹ rí. Bóyá ìkòkò mìíràn ni. Mo sunkún lánàá. Ọláìtán dìde nígbà tí mo ní kó dìde, ṣùgbọ́n ó ní ìdìde ara lásán ni, pé ìyá tí òun dọ̀bálẹ̀ fún kò tíì ní kí òun dìde, nítorí náà òun ṣì wà nílẹ̀. Ó ń fi ṣàwàdà kí n lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà fún un.

Ẹ kọ̀wé, bó ti wù kó rí. Bó bá jẹ́ rárá ni, ẹ kọ ọ́.

Bọ́láwùmí


Iléṣà
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bọ́láwùmí Àníkẹ́, ọmọ Ọ̀bọ̀kún,

Nu ojú rẹ nù, kí o sì jókòó.

Lóòótọ́ ni àwòrán há. Bí ó ti há ni Fasilat na ọwọ́ pé kí òun pa á, kí òun tún un pè. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó kọ ọ́ hàn mí pé, “Màmá, ó ti há o, kò lọ síwájú mọ́.” Mo ní kó má lọ síbì kankan, ibi tí mo ń fẹ́ ló dúró sí.

Ṣé o mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í pẹ́? Ọkùnrin á lọ sílẹ̀, a óò ní kó dìde, ó tán. Kí àgbà tó fi ojú rẹ̀ mú nǹkan kan, ọmọ ti gbọn ẹ̀wù nù. Ìyá mi kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti wo bàbá rẹ nínú ẹrẹ̀. Èmi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mi tẹ ọkọ rẹ sílẹ̀, ó ní kí n wò ó bó ti wù mí. Mo sún mọ́ fóònù, mo nu dígí mi, mo wò ó.

Mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Mo rí iwájú orí rẹ̀, ó kan ilẹ̀, kò gbé e sókè kó lè yọjú wò bóyá mo ń wò ó. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lu ní gìgísẹ̀. Bá a ra òmíràn. Ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn ìyá ìyàwó tí kò rántí yẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ wò, kì í ṣe oníṣekárími. Mo rí wáyà funfun tí ẹ fà lára ògiri, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Gógó tó gbà kí ó wọlé. Kí ẹ bá mi kí i gidigidi. Sọ fún un pé ìyá kan wà ní Iléṣà tí òun náà ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kí i báyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí ìwọ kò mọ̀ pé mo rí. Ní etí àwòrán, lápá ọ̀tún, ìró kan wà níbẹ̀, èyí tí mo fún ọ lọ́jọ́ tí o ń lọ. Orí rẹ kò sí nínú àwòrán, ojú rẹ kò sí. Orúnkún rẹ méjèèjì ni mo rí, lórí ilẹ̀ lásán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ. Tìmùtìmù kò sí lábẹ́ wọn. O kò mọ̀ pé o wà níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe èmi ni o ń ṣe é fún. Bọ́lá mi, ọdún kẹrin rèé tí mo ti rí orúnkún rẹ gbẹ̀yìn. Mo ti rò pé ìlú yẹn ti gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ kan fóònù náà, Fasilat ń wò mí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò tiẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Mo dá ọ lẹ́bi nígbà tí ẹ̀bi kò sí. Ìwọ ni kí o dárí jì mí.

Má ra àpótí kankan fún mi. Dátà Fasilat tó mi, kí ó máa há nígbà tó bá yẹ kó há. Bí ìwọ bá fẹ́ ra nǹkan, ra fóònù tí kò gbé omi mì fún Fasilat, ó ti ṣe fún wa ju bí ọmọ ìyá ṣe ń ṣe lọ.

Kọ̀wé sí Ìkẹ́rẹ́. Kí wọ́n wá lẹ́yìn iṣu tuntun, n óò gún iyán dè wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ojú yìí sílẹ̀ fún mi nígbà tó gba etí.

Ó ku ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ Sátidé, kí ó tó gé. Sọ fún ọmọ mi tó wà nílẹ̀ pé kó dìde.

Ìyá yín,
Rẹ̀mílẹ́kún